Èmi Tí Wọ́n Ní Kí N Lọ Ṣọ́ Shukurat

Ẹni tó bá mọ Àbíkẹ́ ní Òkè-Àgbò, ní Ìjẹ̀bú-Igbó níbí, mọ̀ pé n kì í fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ láàbọ̀. Ẹ jókòó dáadáa. Wọ́n ní kí n lọ ṣọ́ ọmọbìnrin kan kí ọkùnrin má baà gbé e lọ. Mo lọ ṣọ́ ọ lóòótọ́, pẹ̀lú hámà lọ́wọ́, ẹ sì máa gbọ́ ibi tí ìṣọ́ náà já sí. Kí n tó sọ ọ́ rárá, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ẹni tí wọ́n bá ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni.

Shukurat ni ọmọ náà. Fàsásì, àbúrò mi ọkùnrin tó ní sọ́ọ̀mì tí wọ́n ti ń la pákó lójú ọ̀nà Òru, ló bí i. Ìyá rẹ̀ kú nígbà tí ẹsẹ̀ ọmọ náà kò tíì ranlẹ̀, Fàsásì bá gbé e wá sọ́dọ̀ mi. Èmi, Ọlọ́run kò fún mi lọ́mọ. Mo lọ́kọ, ọkọ mi dáa, ikú mú un lọ. Ó wá ku èmi, Shukurat àti apẹ̀rẹ̀ obì mi. Obì ni mo ń tà. Mo ń ra tútù rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀, mo ń bó o, mo ń fi ewé wé e kó má baà gbẹ. Ọwọ́ Shukurat kì í wọ́n nínú ewé náà láti kékeré, kódà nígbà tó wọ ilé-ìwé gíga ní Àgọ́-Ìwòyè, ilé ló ń wá sùn. Tí mo bá jí láàárọ̀, ohùn rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń gbọ́. Ohun tí mo ń bẹ̀rù jù láyé ni àárọ̀ tí mi ò ní gbọ́ ọ.

Ó ti ilé-ìwé dé lọ́jọ́ kan, ó ju báàgì sílẹ̀, ó ní, "Màmá, wọ́n ní a máa lọ kámpù."

"Kámpù ti kí ni? Ṣé ẹ ti di sójà ni?"

"Rárá o, kámpù ẹ̀kọ́ ni. A máa pàgọ́ sí Efire, létí ọ̀sà, ká lè wo àwọn ẹran omi àti ewéko ibẹ̀. A tún máa ka akàn."

"Kí lẹ máa kà?"

"Akàn, Màmá."

Mo bú sẹ́rìn-ín. "Fàsásì ń la pákó kó lè rán ẹ nílé-ìwé, akàn lo wá ń lọ kà! Tẹ́ ẹ bá kà á tán, ṣé ẹ máa bá a pín ogún ni?"

Òun náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ kò pẹ́ tí ojú rẹ̀ fi rẹ̀wẹ̀sì. Ó ní Dókítà Olúfúnmi, olùkọ́ àwọn, ti sọ pé ẹni tí kò bá lọ kò ní lè jáde pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀. Àwa méjèèjì sì mọ Fàsásì. Nígbà tí mo dé sọ́ọ̀mì tí mo sọ ọ́ fún un, kò tiẹ̀ jẹ́ kí n parí ẹ̀. "Ọmọ mi obìnrin, nínú àgọ́, létí omi, láàárín ọkùnrin? Kí rè é? Láéláé!" Ó kọjú sí pákó rẹ̀.

Síbẹ̀, ọmọ náà ń palẹ̀ mọ́. Ó ra bàtà òjò. Ó gba tọ́ọ̀ṣì mi. Ó yọ kọ́tìnnì mi àtijọ́ tó rí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, ó fi rán àwọ̀n tí wọ́n máa fi kó àwọn nǹkan kéékèèké inú omi. Pálọ̀ mi kún fún ìgò, okùn àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, mi ò rí ibi gbé obì sí mọ́. Nínú gbogbo ẹ̀, orúkọ kan ò kúrò lẹ́nu rẹ̀.

"Oríolúwa ní ká mú okùn tó nípọn. Oríolúwa ní èèkàn onírin ló dáa, ilẹ̀ ibẹ̀ rọ̀. Oríolúwa ní—"

"Oríolúwa yìí," mo ní, "ṣé ó ti fún wa láyè ká máa mí?"

"Màmá! Aṣíwájú kíláàsì wa ni. Ọmọ Efire ni, òun ló mọ ibẹ̀."

Mo wo ojú rẹ̀. Ó yára wo abẹ́rẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Mo ní hẹ̀n-ẹ́n, mo panu mọ́.

Shukurat ti sọ fún Oríolúwa pé bàbá òun kì í gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọdé, pé àfi kó mú àgbà dání tó bá fẹ́ bá òun bẹ̀bẹ̀. Ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé sì gbọ́. Lọ́jọ́ Sátidé kan láàárọ̀, ó mú bàbá rẹ̀ wá láti Efire. Bàbá Hezekiah ni wọ́n ń pè é, apẹja ni, àgbà sì ni nínú ìjọ Aládùúrà. Tọmọ-tòbí wọ bùbá àti ṣòkòtò funfun tó gba áyọ́ọ̀nù dáadáa, wọ́n dé fìlà, wọ́n gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja èpìyà gbígbẹ dání. Shukurat ní tirẹ̀ ń múra lọ síbi ìsọmọlórúkọ kan ní Ìlaporu, ó ti wọ léèsì, ó ti fín lọ́fínńdà. Ẹ wo bí nǹkan ṣe rí! Ọ̀rọ̀ kámpù ni wọ́n bá wá o, àmọ́ ẹni tó bá yọjú lójú fèrèsé á ti máa béèrè ìgbà tí wọ́n fẹ́ gbéyàwó.

Èmi gba apẹ̀rẹ̀ ẹja lọ́wọ́ wọn, mo gbé e wọ ilé ìdáná. Ìkọ́kọrẹ́ mi wà lórí iná. Ẹja tó dára tó bẹ́ẹ̀, ṣé kí n máa wò ó níran ni? Mo já a sí i. Fàsásì máa ń wá jẹun lọ́dọ̀ mi ní Sátidé, ẹ̀yìnkùlé ló sì máa ń gbà wọlé. Ó dé, ó jókòó ti ìkọ́kọrẹ́, ó jẹ ẹ́ títí ó fi ń lá ìka.

"Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ ti rí irú ẹja yìí?"

"Máa jẹun. Àlejò ń dúró dè ẹ́ ní pálọ̀."

Ó fọwọ́, ó jáde sí wọn. Bàbá Hezekiah ṣí fìlà, ó tẹrí ba. Ọmọ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Shukurat gbé omi wá, ó kúnlẹ̀. Fàsásì wo fìlà, ó wo ìdọ̀bálẹ̀, ó wo léèsì lára ọmọ rẹ̀, mo sì rí i tí irùngbọ̀n rẹ̀ gbọ̀n.

"Ẹ káàbọ̀," ó ní. "Kẹ́ ẹ tó lanu, ẹ jẹ́ kí n fi tèmi ṣáájú, ká má baà fi àárọ̀ ṣòfò. Èmi kì í ṣe ọmọdé, mo mọ ohun tí ẹ bá wá. Ẹ yẹ́ wa sí, ẹ ṣé. Àmọ́ mi ò ní ọmọ tí màá fi fún Aládùúrà, mi ò sì ní ọmọ tí màá fi ránṣẹ́ lọ sétí ọ̀sà. Ẹ má bínú."

Bàbá Hezekiah yíjú sí ọmọ rẹ̀ nílẹ̀. "Oríolúwa, ìyàwó lo mú mi wá fẹ́ ni? Ṣebí kámpù lo sọ fún mi! Ta ló sọ fún ọ pé èmi náà ń wá ọmọ ìmàle fẹ́ fún ọmọ mi?"

"Bàbá mi, kámpù ni mo sọ, kámpù náà ni mo bá wá."

Ká ní ó dákẹ́ síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ẹ̀rín ni gbogbo wa ì bá fi gbé e mì. Àmọ́ ọmọkùnrin náà kò dìde. Ó gbé orí sókè níbi tó dọ̀bálẹ̀ sí, ó ní, "Sà, ọ̀rọ̀ kámpù ló gbé mi wá lónìí. Ṣùgbọ́n èyí tí ẹ sọ yẹn, ó wà lọ́kàn mi, ó ti pẹ́ níbẹ̀. Mi ò tíì sọ ọ́ fún òun gan-an, mi ò tíì sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má tíì kọ ohun tí mi ò tíì tọrọ."

Háà! Shukurat fi híjáàbù bo ẹnu, ó sá wọ ilé ìdáná. Mo sá tẹ̀ lé e.

"Ṣé o mọ̀?" mo bi í.

"Mi ò mọ̀, Màmá." Omi ti lé sí i lójú. "Ṣùgbọ́n mo ti ń retí ẹ̀."

Inú mi dùn sí i, ẹ̀rù sì bà mí, lẹ́ẹ̀kan náà. Kí n tó mọ ohun tí màá sọ, mo gbọ́ ohùn Fàsásì ní pálọ̀: "Ẹ̀gbọ́n! Ẹ bá wọn gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja wọn jáde o! Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ pé Fàsásì jẹ ẹja àna tí kò gbà."

Mo yọjú. "Fàsásì, ẹja wo? Èyí tó o ń lá ìka lé lórí lẹ́ẹ̀kan yẹn?"

Ẹ ò rí ojú àbúrò mi! Ní ọ̀dọ̀ wa, ohun tí èèyàn bá gbé wá tọrọ ọmọ, tí o ò bá fẹ́, ńṣe lo máa dá a padà bó ṣe wà. Tó o bá ti jẹ ẹ́, o ti dáhùn nìyẹn. Fàsásì wò mí bíi pé èmi ni mo jẹ ẹ́. Bàbá Hezekiah ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú.

"Ó dáa," Fàsásì ní. "Bẹ́nu bá jẹ, ojú á tì. Kámpù lẹ ní ẹ bá wá, àbí? Mo gbà. Kó lọ kámpù. Ẹja tán síbẹ̀ o, kò kan ọ̀rọ̀ ìyàwó. Ẹ̀gbọ́n mi yìí ló sì máa bá a lọ. Ibi tó bá sùn, ibẹ̀ ni wọ́n jọ máa sùn."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó fà mí sẹ́yìn ilé. "Ẹ bá mi ṣọ́ ọmọ yẹn," ó ní. "Ẹ sì bá mi wo ọmọkùnrin náà, ẹ wò ó tinú-tòde. Mi ò fẹ́ ẹ, mi ò purọ́. Àmọ́ ohun tí ẹ bá bọ̀ wá sọ, òun labẹ gé."

Mo ní mo gbọ́. Ṣé ẹ rí i báyìí pé ọ̀rọ̀ di ọwọ́ mi? Tí mo bá dé tí mo ní kò dáa, ó parí, Shukurat á fẹ́ ọmọ Òkè-Àgbò tàbí ti Atíkòrí, á máa yà lọ́dọ̀ mi láràárọ̀. Ẹnu lásán ni màá fi bà á jẹ́. Mo sọ fún ara mi pé àlébù ò ní ṣàì wà lára ọmọ náà, pé mo kàn máa rí i ni.

Dókítà Olúfúnmi, olùkọ́ wọn, obìnrin jẹ́jẹ́ kan báyìí tí kì í gbàgbàkugbà, ní gbogbo ẹni tó bá máa sùn ní kámpù gbọ́dọ̀ wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń pàgọ́ ní pápá ilé-ìwé. Mo ní, "Èmi náà, mà?" Ó ní, "Ẹ̀yin náà, Màmá." Bí Àbíkẹ́ ṣe di akẹ́kọ̀ọ́ ní Àgọ́-Ìwòyè nìyẹn! Wọ́n kó hámà lé mi lọ́wọ́, mo ń kan èèkàn mọ́lẹ̀, àwọn ọmọ ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Oríolúwa ń lọ káàkiri, ó ń tú okùn tí wọ́n ta kò dáa, ó ń ta á padà. Tó bá dé ọ̀dọ̀ Shukurat, ahọ́n rẹ̀ á wúwo.

"Fa okùn yẹn díẹ̀."

"Mo ti fà á."

"Ó ti tó."

"Ó ti tó?"

Ẹ gbà mí o! Okùn ni wọ́n ń sọ lẹ́nu, àmọ́ ẹni tó bá ti fẹ́ràn èèyàn rí ò ní ṣì í mọ̀. Nígbà tí àgọ́ tèmi dúró, mo wọ inú ẹ̀, mo nà sílẹ̀ kí n wò ó bóyá ẹ̀yìn mi á lè gbà á. Oorun fẹ́ẹ́ gbé mi lọ nígbà tí mo gbọ́ ohùn wọn lẹ́yìn tapólì.

"Ṣé òótọ́ ni ohun tó o sọ níwájú bàbá mi?" Shukurat ló ń béèrè.

"Òótọ́ ni."

"Kí ló dé tó ò kọ́kọ́ sọ ọ́ fún mi?"

"Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé wàá ní kí n máa bá tèmi lọ."

"Oríolúwa, o ò gbọ́n. Mo rán àwọ̀n mẹ́rin kí n lè máa rí nǹkan pè ẹ́ béèrè. Ta ló ń fi àwọ̀n mẹ́rin kó kòkòrò omi?"

Kọ́tìnnì mi! Mo húkọ́. Ẹ wá wo eré sísá ní pápá yẹn. Àmọ́ nígbà tí mo dá wà nínú àgọ́, mi ò rẹ́rìn-ín mọ́. Mo rí i pé ọmọ náà ti fọkàn lọ, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ro bí ilé mi ṣe máa rí.

Ọkọ̀ ilé-ìwé gbé wa gba Ìjẹ̀bú-Òde, ó gba abúlé J4 kọjá, ó já wa sí Ogun Waterside. Nígbà tí a fi máa dé Efire, afẹ́fẹ́ ti yàtọ̀, òórùn ẹja tí wọ́n ń yan ti gba imú. A pàgọ́ sábẹ́ àgbọn, ọ̀sà tẹ́ lọ rẹrẹ níwájú wa. Èmi tí mi ò mọ̀ ju kànga lọ, mo dúró, mo ní Sùbúhánà-Lláhì. Ọjọ́ kejì làwọn ọmọ ti wọ inú ẹrẹ̀ pẹ̀lú bàtà òjò, wọ́n ń ka akàn lóòótọ́. Bí wọ́n bá ka ọ̀kan, èkejì á sá wọ ihò, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Ọmọ-ìwé rèé!

Mo ń wá àlébù. Mo wo bó ṣe ń jẹun, mo wo bó ṣe ń bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ tí inú bá bí i. Inú ń bí i o, mi ò ní sọ pé kì í bí i. Ọmọkùnrin kan sọ ìgò tí wọ́n kó nǹkan sí nù sínú ọ̀sà, Oríolúwa pariwo mọ́ ọn. Mo ní hẹ̀n-ẹ́n, a ti rí i, oníbìínú ni. Àmọ́ kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀, ó ti lọ bá ọmọ náà, ó ní kó má bínú, àwọn méjèèjì bọ́ sómi lọ ń wá a. Mi ò rí àlébù kankan dì mú.

Lọ́jọ́ Àìkú, ó wọ sùtánà funfun, ó tẹ̀ lé àwọn èèyàn rẹ̀ lọ sí ìjọ láìwọ bàtà, bí wọ́n ṣe ń ṣe. Shukurat dúró lẹ́nu àgọ́, ó ń wò ó lọ títí kò fi rí i mọ́. Ó mí kanlẹ̀.

"Kí ló dé?" mo ní.

"Ó rẹwà, Màmá. Ṣùgbọ́n èmi ò lè lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀."

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Bàbá Hezekiah àti ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ọláyínká, wá kí wa ní kámpù, wọ́n gbé ẹja àti ẹ̀bà wá. A jẹ, a mu. Bàbá náà wá nu ọwọ́, ó kọjú sí Shukurat. "Ọmọ mi, mi ò ní fọ̀rọ̀ pa mọ́ fún ọ. Ọmọ mi fẹ́ràn rẹ, kò jẹ́ kí etí mi sinmi. Tó o bá wá sílé wa, ṣé wàá wọ aṣọ funfun, kó o bá wa bọ́ bàtà?"

Ó kúnlẹ̀ kó tó dáhùn. "Bàbá, mi ò lè purọ́ fún yín kí n lè wọlé yín. Màá bọ̀wọ̀ fún yín. Màá se oúnjẹ ọdún yín, ọmọ yín ò ní pẹ́ dé ìjọ nítorí mi. Àmọ́ Ọlọ́run tí mo ti ń kírun fún láti kékeré, òun náà ni màá máa kírun fún."

Bàbá Hezekiah gbé fìlà rẹ̀ dé. Ìyàwó rẹ̀ ló sọ pé, "Bàbá Oríolúwa, ẹ jẹ́ ká máa lọ, ilẹ̀ ti ń ṣú." Mi ò mọ̀ bóyá inú bí wọn.

Ó wá ku ọmọkùnrin náà. Lọ́jọ́ kejì, mo bá a létí omi níbi tó ti ń ṣan àwọ̀n, mo jókòó lórí ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n dojú ẹ̀ dé.

"Oríolúwa, dá mi lóhùn bí ọkùnrin. Bàbá Shukurat rán mi sí ọ. Ó ní tó o bá gba Islam lónìí, òun á fún ọ ní ọmọ òun."

Irọ́ ni mo pa. Fàsásì kò rán mi nírú ẹ̀. Mo fẹ́ rí inú rẹ̀ ni. Ó gbé àwọ̀n sílẹ̀, ó wo omi.

"Màmá, ẹnu mi ti fẹ́ gbà kí n tó rò ó. Bí mo ṣe fẹ́ràn rẹ̀ tó nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, mà. Tí mo bá lè torí obìnrin fi Ọlọ́run tí mo mọ̀ sílẹ̀, kí ni mi ò ní lè torí ẹ̀ fi obìnrin náà sílẹ̀ lọ́la? Ẹ̀yin náà ò ní fẹ́ kó lọ sílé irú ẹni bẹ́ẹ̀."

"Tí bàbá rẹ̀ bá wá kọ̀ ńkọ́?"

"Màá sunkún."

Ó sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, ọkùnrin gìrìpá! "Màá sunkún, mà, lẹ́yìn náà màá tún wá dọ̀bálẹ̀."

Mo dìde, mo ní mo fẹ́ lọ ṣàlùwàlá. Ojú mi ti ṣú. Ẹni tí mo wá wá àlébù sí lára ti fún mi ní ìdáhùn tí mi ò gbọ́ rí lẹ́nu àgbà, mo sì mọ̀ pé tí mo bá ba ọmọ yìí jẹ́ lọ́dọ̀ Fàsásì, Ọlọ́run á bi mí. Àmọ́ tí mo bá sọ òótọ́, èmi nìkan ni màá máa wé obì mi.

Ọ̀sán ọjọ́ tí a ń tú àgọ́, Shukurat ń ká tapólì, ó ní, "Màmá, tí ẹ bá sọ fún bàbá mi pé kò dáa, mi ò ní jiyàn. Ẹ̀yin lẹ tọ́ mi. Màá gbà pé ẹ rí ohun tí mi ò rí."

Ọmọ yìí fẹ́ pa mí! Ká ní ó jà, ká ní ó halẹ̀ mọ́ mi ni, màá mọ bí màá ṣe bá a jà. Mo ní kó bá mi fa èèkàn tu, mo sì yíjú sápá kan.

Sọ́ọ̀mì ni mo ti lọ bá Fàsásì, lọ́jọ́ kejì tí a dé, lẹ́yìn ìrun Àìlà. Ó jókòó lórí ìtì igi. Mo rò ó fún un láti orí dé ìdí, mi ò fi kún un, mi ò yọ níbẹ̀. Mo sọ irọ́ tí mo pa mọ́ ọn, mo sọ ohun tí ọmọkùnrin náà fi dá mi lóhùn.

"Ó kọ̀?" Fàsásì ní.

"Ó kọ̀."

"Shukurat náà kọ̀ fún bàbá ọmọkùnrin náà?"

"Ó kọ̀."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó ń gbọn orí. "Olóríkunkun méjì! Ká ní ó gbà fún yín ni, Ẹ̀gbọ́n, ǹ bá ti lé e dànù. Ẹni tó ń ta ẹ̀sìn fi ra ìyàwó." Ó gbọn ìyẹ̀fun igi kúrò ní ẹsẹ̀ ṣòkòtò. Nígbà tó tún máa sọ̀rọ̀, kò wojú mi. "Ṣé ẹ rò pé torí Aládùúrà nìkan ni mo fi kọ̀?"

"Torí kí tún ni?"

"Torí yín ni. Nígbà tí ìyá ẹ̀ kú, tí mo gbé e lé yín lẹ́sẹ̀, mo rí ojú yín lọ́jọ́ náà. Mo sọ nínú ara mi pé láyé, mi ò ní gbà á lọ́wọ́ yín. Efire jìnnà, Ẹ̀gbọ́n. Tí mo bá fi í fún wọn, ọwọ́ yín ni mo ti gbà á yẹn. Ìdí tí mo fi ní kí ẹ̀yin lọ nìyẹn. Tí ẹ bá ní rárá, mi ò ní bi yín nídìí, rárá náà ni."

Mo jókòó tì í lórí ìtì igi yẹn. Gbogbo ìgbà tí mo rò pé èmi nìkan ni mo ń gbé ẹ̀rù yìí kiri, àbúrò mi ti ń bá mi gbé e, kò sì sọ. Mo sunkún díẹ̀. Ó jẹ́ kí n sun ún.

"Fàsásì," mo ní, "jẹ́ kí wọ́n wá."

Mi ò ní sọ pé ó rọrùn. Fàsásì àti Alfa wa jọ sọ ọ́ títí, àwọn kan nínú ẹbí ṣì ń fajú ro di òní. Àwọn ara Efire náà ní tiwọn. Shukurat jáde ilé-ìwé, Oríolúwa ríṣẹ́ olùkọ́, ó tún wá dọ̀bálẹ̀ bó ṣe ṣèlérí, ó sì tún wá. Ìgbà tí ọkàn oníkálukú fi rọlẹ̀, ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn ti dé.

Lọ́jọ́ ìdána, mo ti wà nínú ilé ìdáná láti àfẹ̀mọ́júmọ́, bí ẹ̀gbọ́n bàbá ìyàwó ṣe ń ṣe. Mi ò mọ̀ pé Fàsásì ń wá mi. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà mí jáde pẹ̀lú eérú lápá, ó mú mi dé ibi àga ńlá tí wọ́n gbé sáàárín pálọ̀, àga tí wọ́n tẹ́ aṣọ sí. Ó ní, "Ẹ jókòó."

"Àga ẹ nìyẹn, Fàsásì. Ìwọ ni bàbá ìyàwó."

"Ẹ jókòó, Ẹ̀gbọ́n."

Àwọn ará Efire wọlé, wọ́n kọjú sí Fàsásì, wọ́n fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ó gbé ọwọ́ sókè. "Kì í ṣe èmi," ó ní. "Èmi bí i lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó lọmọ ló jókòó síbẹ̀ yẹn. Òun ni kẹ́ ẹ tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ ẹ̀."

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Bàbá Hezekiah ṣí fìlà, àwọn ọkùnrin ẹ̀yìn rẹ̀ sì dọ̀bálẹ̀, Oríolúwa ló ṣáájú. "Ẹ̀yin ìyá ìyàwó wa," bàbá náà ní, "òdòdó kan la rí nínú ọgbà yín, a wá bẹ̀ yín kẹ́ ẹ jẹ́ ká já a."

Ìyá ìyàwó. Èmi, Àbíkẹ́. Ẹnu mi tí kì í kú, ó kú. Shukurat wá kúnlẹ̀ níwájú mi, ó gbé orí lé mi lẹ́sẹ̀ kí n ṣàdúà fún un. Mo gbé ọwọ́ mi tó ní eérú lé e lórí.

"Ọmọ mi," mo ní, "ọmọ tí mo bí."

Kò sẹ́ni tó bá mi jiyàn. Ṣe ni gbogbo wọn ṣe àmín.